Ààrò Tó Kú Nínú Ọkàn: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Keshan

Ọkàn náà wà lórí tábìlì. Ó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ dáadáa, ó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, ó sì rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ lọ́wọ́ dókítà tó ń yẹ òkú wò. Nígbà tó fi ọ̀bẹ là á, ìlà funfun àti tóótòòtó funfun ló fọ́n káàkiri inú iṣan ọkàn, bí ẹni ta efun sí ẹran tútù. Ibi tó funfun yẹn, iṣan ti kú níbẹ̀, àpá ló dípò rẹ̀. Dókítà tún tú àwọn òpójẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn yẹ̀ wò. Kò bá ọ̀rá níbẹ̀, kò bá ẹ̀jẹ̀ dídì. Wọ́n mọ́ tónítóní.

Irú ọkàn tí àìsàn Keshan máa ń fi sílẹ̀ nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, bí wọ́n bá ní ọkàn ló pa ẹnì kan, a ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, tàbí kí a ní ọ̀rá ló dí i lọ́nà. Bí kò bá sí nínú méjèèjì, a ó ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn tí mò ń kọ nípa wọn yìí, ẹ̀jẹ̀ ríru kọ́ ló pa wọ́n, òpójẹ̀ wọn kò sì dí. Inú sẹ́ẹ̀lì ni ikú wọn wà, níbi tí ojú lásán kò lè dé, ó sì gba àwọn dókítà tó ogójì ọdún kí wọ́n tó mọ ibi tó ti wọlé.

Àgbègbè àgbẹ̀ ni Keshan, ní ìpínlẹ̀ Heilongjiang, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Ṣáínà, níbi tí òtútù ti ń mú dé egungun. Ní ìgbà òtútù ọdún 1935, nígbà tí àwọn ará Jàpáánì ń ṣàkóso Manṣúríà, ìyẹn ìhà àríwá ìlà-oòrùn Ṣáínà yẹn, àìsàn kan bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le láàárọ̀ á ní àyà ń ṣe òun bákan. Kó tó pẹ́, èébì á dé, omi aláwọ̀ ìyeyè ni yóò máa bì. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á tutù, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, ọkàn á máa lù ségesège. Ẹlòmíràn kì í rí ọjọ́ kejì. Ẹni tí kò bá sì tètè kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, èémí á há a láyà bó bá rìn díẹ̀, irọ̀rí á di méjì mẹ́ta kó tó lè sùn. Orúkọ àgbègbè yẹn ni wọ́n fi pe àìsàn náà títí dòní.

Bí wọ́n ṣe ń ṣèwádìí, wọ́n rí i pé Keshan kọ́ ni òpin rẹ̀. Àìsàn yìí ní ọ̀nà tó ń tọ̀, bí ìgbànú tó gùn láti àríwá ìlà-oòrùn Ṣáínà lọ dé gúúsù ìwọ̀-oòrùn, dé Sichuan àti Yunnan. Ní òkè lọ́hùn-ún, ìgbà òtútù ló ń jà, àwọn obìnrin tó ṣì ń bímọ ló sì ń mú jù. Ní ìsàlẹ̀, ìgbà ooru ni, àwọn ọmọdé ló ń kó lọ. Àwọn àgbẹ̀ tó ń jẹ ohun tí wọ́n gbìn lórí ilẹ̀ ara wọn ni ó ń mú. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé àárín wọn, tó ń ra oúnjẹ tó wá láti ibòmíràn, kì í sábà mú un. Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ dáadáa, ẹ̀rí yìí nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ẹjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n kọ́kọ́ wò ni ilé. Nítorí òtútù, orí pèpéle bíríkì ni àwọn ará ibẹ̀ ń sùn, iná á sì máa jó lábẹ́ rẹ̀ mọ́jú, pẹ̀lú ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní títì pa. Àwọn dókítà ará Jàpáánì ní èéfín iná yẹn ni. Carbon monoxide, gáàsì kan náà tó ń pa àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé sùn lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, àmọ́ kò ṣàlàyé ìdí tí ó fi ń pa ọmọdé ní Sichuan nígbà ooru. Àwọn mìíràn ní omi ni, àwọn kan ní olú tó hù lára ọkà, àwọn kan ní kòkòrò àìfojúrí. Ẹ fi ti kòkòrò sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

Ẹran ọ̀sìn ló tú àṣírí. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí àìsàn Keshan wà, àwọn ọmọ àgùntàn àti ọmọ màlúù ń kú ikú tiwọn. Bí wọ́n bá pa wọ́n, iṣan itan wọn àti ti ọkàn wọn á funfun bí ẹran adìyẹ tí wọ́n bọ̀. Àwọn oníṣègùn ẹranko lágbàáyé ti mọ àìsàn yìí láti ìparí àwọn ọdún 1950, wọ́n sì ti mọ ohun tó ń dá a dúró: díẹ̀ nínú èròjà inú ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ sẹlíníọ́mù.

Ọmọ ilẹ̀ Sweden kan, Berzelius, ló ṣàwárí sẹlíníọ́mù lọ́dún 1817, ó sì fi orúkọ òṣùpá sọ ọ́ lédè Gíríìkì. Fún ọdún tó lé ní ọgọ́rùn-ún, májèlé ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ọdún 1957 ni Klaus Schwarz fi hàn ní Amẹ́ríkà pé bí eku kò bá rí i jẹ, ẹ̀dọ̀ wọn á kú. Inú ilẹ̀ ni ó ti ń bọ́ sínú ewébẹ̀ àti ọkà, tó fi ń dé ara wa. Bí ilẹ̀ bá tálákà, ọkà á tálákà, ẹni tó ń jẹ ọkà náà á tálákà pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ Ṣáínà gé irun orí àwọn ará ìgbànú Keshan, tí wọ́n wọn sẹlíníọ́mù inú rẹ̀, ó kéré débi tí wọn kò tíì rí irú rẹ̀ lára ènìyàn rí. Nǹkan bíi máíkírógíráàmù 11 ni àgbàlagbà ibẹ̀ ń rí jẹ lójúmọ́. Ohun tí wọ́n ń gbà àgbàlagbà níyànjú nísinsìnyí ní Amẹ́ríkà jẹ́ 55.

Lọ́dún 1974, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Mianning, ní ìpínlẹ̀ Sichuan, wọ́n sì kó àwọn ọmọ ọdún 1 sí 9 jọ. Hóró oògùn kan lọ́sẹ̀, sodium selenite: mílígíráàmù 0.5 fún àwọn tó kéré, mílígíráàmù 1 fún àwọn tó ti pé ọdún 6. Apá kejì gba hóró tó jọ ọ́, tí kò ní nǹkan kan nínú. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá. Lọ́dún yẹn, nínú àwọn ọmọ 3,985 tí kò gba sẹlíníọ́mù, àìsàn Keshan mú 54. Nínú 4,510 tó gbà á, ó mú 10. Wọ́n tún un ṣe lọ́dún 1975: 52 nínú 5,445 tí kò gbà á, 7 nínú 6,767 tó gbà á.

Mi ò lè ka iye yẹn, 54 àti 52, bí ẹni ka owó. Ọmọ ènìyàn ni wọ́n, àwọn ìyá wọn sì rí ọmọ aládùúgbò tó ń jẹ hóró tirẹ̀ tó ń sáré kiri. Bẹ́ẹ̀ láìsí ìfiwéra yẹn, ta ni ìbá gbà pé ohun tó kéré báyìí ló ń pa wọ́n? Lọ́dún 1976, wọn kò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́, gbogbo wọn ni wọ́n fún. Nígbà tó di 1977, wọn kò rí aláìsàn tuntun kankan nínú àwọn tó ń gbà á.

Èwo wá ni ti sẹlíníọ́mù àti ọkàn? Kí ló dé tó jẹ́ pé ọkàn ló kọ́kọ́ wó, kì í ṣe ojú tàbí kíndìnrín?

Ọkàn àgbàlagbà kò ju nǹkan bíi gíráàmù 300 lọ, ó sì ń lù tó ìgbà 100,000 lójúmọ́. Kò mọ Sunday, kò mọ ọjọ́ ọdún. ATP ni wọ́n ń pe ohun tó ń ná láti fi ṣiṣẹ́, òun ni owó tí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ń ná. Bí a bá kó ATP tí ọkàn ń ná lọ́jọ́ kan jọ, yóò tó kílò 6, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po ogún ìwọ̀n ọkàn fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba tó wà nínú àpò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tó ìṣẹ́jú kan ná. Àtọwọ́dẹ́nu ni ọkàn ń jẹ.

Mitokọ́ńdíríà ni wọ́n ti ń ṣe owó yìí. Èmi máa ń pè é ní ààrò, torí iṣẹ́ ààrò ló ń ṣe. Bí a bá pín sẹ́ẹ̀lì iṣan ọkàn sí ọ̀nà mẹ́ta, ààrò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀nà kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ọ́síjìn tí a mí sínú jó ọ̀rá àti ṣúgà, ṣùgbọ́n kò sí ààrò tí kì í rú èéfín. Díẹ̀ nínú ọ́síjìn yẹn á bọ́ lọ́nà kó tó jó tán, á di nǹkan oníjàgídíjàgan tó ń jẹ ohunkóhun tó bá fara kàn. Sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ sọ ọ́ di hydrogen peroxide. Ẹ mọ̀ ọ́n: òun ni nọ́ọ̀sì máa ń dà sí egbò tó máa ń hó yeeye. Irú rẹ̀ ló ń jáde nínú ọkàn tèmi tìrẹ bí a ṣe jókòó yìí, àmọ́ ẹ́ńsáìmù kan, òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ glutathione peroxidase, dúró tì í, tó ń sọ ọ́ di omi lásán. Lọ́dún 1973 ni wọ́n rí i pé sẹlíníọ́mù ló jókòó sí ojú iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù yìí gan-an. Yọ ọ́ kúrò, àdá tí kò lẹ́nu ló kù.

Bí kò bá sí ẹni tó ń paná, ara ààrò fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jó. Orí awọ inú mitokọ́ńdíríà ni wọ́n to ẹ̀rọ ìdáná sí, ọ̀rá kan tí wọ́n ń pè ní cardiolipin ló sì dì wọ́n mú síbẹ̀. Láti inú ọkàn màlúù ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ọ̀rá yìí, ibẹ̀ ló ti rí orúkọ rẹ̀. Ìyá tó bá ti ṣe àyẹ̀wò VDRL, ti àrùn sífílíìsì, nígbà oyún ti bá cardiolipin pàdé rí láìmọ̀, torí òun ni wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò. Nígbà tí èéfín bá ba ọ̀rá yìí jẹ́, àwọn ẹ̀rọ á tú sílẹ̀ lórí ìdúró wọn. Iná á dínkù, èéfín á pọ̀ sí i, èéfín náà á tún lọ ba ọ̀rá mìíràn jẹ́. Ààrò á wú. Awọ inú rẹ̀ tó ká pọ̀ wérewère á ya. Lẹ́yìn náà, èròjà kan tó ń jẹ́ cytochrome c, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kúrò nínú ààrò, á jò jáde síta, bí sẹ́ẹ̀lì bá sì ti rí i níta, àṣẹ ikú ló gbà yẹn.

Ẹ̀dọ̀ lè hù padà. Ọkàn kì í fi bẹ́ẹ̀ hù: ní ọmọ ọdún 25, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì iṣan rẹ̀ ló ń di tuntun lọ́dún, ọjọ́ orí sì ń dín in kù. Ibi tó kú, àpá ni yóò dí i. Àpá kì í fà, kì í sì í tú, ló fi jẹ́ pé ìyókù ọkàn á máa ṣe iṣẹ́ méjì, á máa gbòòrò, títí á fi rí bíi bọ́ọ̀lù tó wà lórí tábìlì yẹn.

Mi ò fi àròsọ ṣe é. Ní àwọn ọdún 1980, Yang Fuyu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Beijing yẹ ọkàn àwọn tí àìsàn náà pa wò. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù alágbára, mitokọ́ńdíríà wú, awọ inú wọn ti bàjẹ́. Àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń dáná ti rẹ̀yìn, sẹlíníọ́mù inú ààrò náà sì kéré. Lọ́dún 1988 wọ́n kọ ọ́ jáde gbangba pé àìsàn mitokọ́ńdíríà iṣan ọkàn ni Keshan. Àwọn tó ní èéfín ni kò tilẹ̀ jìnnà sí i, ààrò mìíràn ni wọ́n ń wò.

Ẹni tó bá rò pé ẹjọ́ ti parí níbẹ̀, kó padà wo iye yẹn. Nínú àwọn ọmọ 3,985 tí kò gba oògùn lọ́dún 1974, 54 ló ṣàìsàn. Àwọn tó kù ńkọ́? Ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń jẹ. Àti pé sẹlíníọ́mù inú ilẹ̀ kì í lọ kó tún bọ̀ bí òjò, kí ló dé tí àìsàn náà fi ń mọ ìgbà? Ibí yìí ni ti kòkòrò ti padà wọlé. Wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Coxsackie B lára àwọn aláìsàn kan. Lágbedeméjì àwọn ọdún 1990, Melinda Beck ní North Carolina, pẹ̀lú Orville Levander, mú irú fáírọ́ọ̀sì yìí kan tí kì í ba ọkàn eku jẹ́, wọ́n fi sára eku tí wọn kò fún ní sẹlíníọ́mù. Ọkàn àwọn eku náà bàjẹ́. Ohun tó yà wọ́n lẹ́nu ni ohun tó tẹ̀ lé e: wọ́n gba fáírọ́ọ̀sì yẹn padà lára eku náà, wọ́n fi sára eku mìíràn tó ń jẹun kánú, ó sì ba ọkàn tiwọn náà jẹ́. Fáírọ́ọ̀sì náà ti yí padà. Nínú ara tí èéfín ti kún, ọ̀lẹ ti di jàǹdùkú, ó sì gbé ìwà náà jáde.

Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti gbòòrò ju Ṣáínà lọ. Àìtó sẹlíníọ́mù nìkan ba ààrò jẹ́ díẹ̀díẹ̀, fáírọ́ọ̀sì wá tì í ṣubú. Irú ìjàm̀bá inú ààrò bẹ́ẹ̀ ni àwọn dókítà ń rí níbòmíràn. Bí òpójẹ̀ ọkàn bá dí tí wọ́n sì ṣí i nílé ìwòsàn, ọ́síjìn á ya wọlé lójijì, ààrò á rú èéfín yọ, apá kan sẹ́ẹ̀lì á sì kú lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti padà dé. Doxorubicin, oògùn jẹjẹrẹ kan tí àwọ̀ rẹ̀ pupa, tí wọ́n ń fà sí àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọmú lára, máa ń lẹ̀ mọ́ cardiolipin, ó lè ba ọkàn jẹ́, ìyẹn sì wà lára ìdí tí àwọn dókítà fi ń ka gbogbo èyí tí aláìsàn ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní Kano náà, níbi tí àìlera ọkàn tó ń mú abiyamọ lẹ́yìn ìbímọ ti wọ́pọ̀, Kamilu Karaye àti àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé àìtó sẹlíníọ́mù bá a rìn. Wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní máíkírógíráàmù 200 lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta, wọ́n sì gbé èsì jáde lọ́dún 2020. Ara fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti ohun pàtàkì tí wọ́n ń wá, ìyàtọ̀ kò tó èyí tí wọ́n lè tẹnu mọ́. Inú mi dùn pé wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ẹlòmíràn ìbá ti tẹ̀ ẹ́ sára ìgò.

Ìgò ni mo fẹ́ bá wí díẹ̀. Lórí WhatsApp, mo ń rí àwọn tó ń ta hóró "tó ń jí mitokọ́ńdíríà dìde", wọ́n á sì mẹ́nu ba sẹlíníọ́mù. Ẹni tó bá ń rí ẹja, ẹyin àti ẹran jẹ déédéé kì í sábà jẹ́ ọmọ Mianning ọdún 1974. Ṣáínà kan náà ló kọ́ wa ní apá kejì rẹ̀: ní Enshi, ní ìpínlẹ̀ Hubei, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, sẹlíníọ́mù pọ̀ jù nínú ilẹ̀ àti ọkà, àwọn àgbẹ̀ sì jí rí i pé irun orí wọn ń re, èékánná ń bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nǹkan bíi mílígíráàmù 5 ni wọ́n ń jẹ lójúmọ́. Láàárín ikú ọkàn ní Keshan àti èékánná tó ń bọ́ ní Enshi, orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni.

Ní ti Mianning, hóró kan lọ́sẹ̀ ló dí ọ̀nà mọ́ àìsàn náà. Wọ́n fi sí iyọ̀ ọbẹ̀ níbòmíràn, oúnjẹ láti ọ̀nà jíjìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọjà àwọn àgbẹ̀ bí ọrọ̀ ajé ṣe ń gbérí. Aláìsàn tuntun di ọ̀wọ́n. Àwọn tí ọkàn wọn ti ní àpá kí hóró náà tó dé ni kò rí ohun gbà níbẹ̀. Oògùn ọkàn ni wọ́n ń lò títí, àwọn dókítà sì ṣì ń yẹ irú wọn wò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọkàn ńlá tó ń rọra lù láàárín àpá.